Ọmọ Tí Nazaria Gbé Sí Ìbàdí Nínú Òjò

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, Nazaria Poot fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ sí yín. Ó ní bí òun bá fọwọ́ ara òun kọ ọ́, òun á bu irọ́ díẹ̀ sí i kí òun lè wu yín. Ó ní kí èmi aládùúgbò òun, tí mo jókòó sẹ́yìn nínú ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, sọ ọ́ bó ṣe rí, kí obìnrin mìíràn lè fi kọ́gbọ́n. Mo gbà kíá. Ẹnu ti ń yún mi tipẹ́.

Nazaria ló ń fi òwú aláràbarà ya òdòdó sí ọrùn aṣọ funfun tí àwa obìnrin ń wọ̀. Kò sí ìyàwó tó relé ọkọ ní Tunkabá, abúlé wa, tí kì í ṣe òun ló ṣe aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun alára ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò tíì relé ẹnìkankan. Eligia Cauich tó ń din àkàrà àgbàdo tà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà kò tíì lọ́kọ. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti ìgbà tí eyín wọn ti ń yọ. Bí ọ̀kan bá sín, èkejì á nu imú.

Ọkùnrin kan náà ló sì wà lọ́kàn àwọn méjèèjì.

Amílcar Dzul lorúkọ rẹ̀, òun ló ni bọ́ọ̀sì funfun tó ń gbé wa lọ ọjà. Bí ó bá kí obìnrin ní “ẹ káàárọ̀” pẹ́rẹ́, inú obìnrin náà á máa dùn títí ọ̀sán. Kò lóbìnrin nílé, ṣùgbọ́n ó lọ́mọ. Àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ní etí òkun ló bímọ, tó gbé e wá fún un pé ọwọ́ òun ò gbà á. Amílcar ò janpata. Ó fún ọmọ náà lórúkọ ara rẹ̀, ó di bàbá Nicte, ìyá tó bí Amílcar, Màmá Teodosia, sì ń bá a tọ́ ọ.

Lọ́dún náà, Amílcar ní òun máa kó wa lọ wo àwọn ilé òkúta tí àwọn baba ńlá wa kọ́, àti àwọn ìlú tí àwọn Sípéènì kọ́ lé wọn lórí. Ó ní, “Òyìnbó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wò wọ́n. Àwa tí a ni wọ́n, oko àgbàdo nìkan la mọ̀.” Gbogbo wa forúkọ sílẹ̀. Àní Màmá Teodosia ní òun náà ń lọ, tọmọtọmọ.

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn náà, Eligia wá bá Nazaria níbi tó ti ń rán aṣọ.

“Nazaria, ọkùnrin yẹn ti wọ̀ mí lára.”

“Ọkùnrin wo?” Bíi pé kò mọ̀.

“Amílcar. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún o. Bá mi ṣọ́ ọ nínú ìrìn yìí. Bí o bá rí i pé ó ń wò mí, fẹsẹ̀ gbún mi.”

“Màá gbún ọ,” ni Nazaria wí. Abẹ́rẹ́ ti gún un lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ti kán sí ara aṣọ oníṣọ̀nà. Ó ti pẹ́ tí òun pàápàá ti ń lá àlá Amílcar, tó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ibi tó yẹ kó ti sọ tirẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n jọ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ bí ọ̀rẹ́. Kò sọ ọ́.

Ilẹ̀ mọ́, a dìde. Ta ló jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀? Eligia. Ó ní inú òun máa ń rú bí òun bá jókòó sẹ́yìn. Òótọ́ ni, inú rẹ̀ máa ń rú. Ṣùgbọ́n Nazaria ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé inú burúkú wo ló mọ àga tí ó yẹ kó rú sí. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ló ń bó ọsàn fún awakọ̀, tó ń bá a já kóró elégédé, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo àwàdà rẹ̀. Láti Tunkabá títí dé Uxmal, ibi ilé òkúta tí a kọ́kọ́ lọ wò, etí Nazaria ò gbọ́ nǹkan mìíràn ju ẹ̀rín Eligia lọ.

Ní Uxmal, oòrùn mú bí ẹni pé wọ́n sanwó fún un. Pírámíìdì ńlá náà dúró fìrìgbọ̀n, awọ́nrínwọ́n ń na ara wọn lórí òkúta, àwa obìnrin Tunkabá ń ya fọ́tò, à ń jà nítorí ta ló bo ta lójú. Nazaria rí i tí Amílcar na ọwọ́ sí Eligia kó lè gun àtẹ̀gùn. Kò rí i pé ó na ọwọ́ sí gbogbo wa, títí kan èmi tí mo wúwo. Ojú ẹni tó ń jowú kì í ríran yíká.

Ní ìlú Mérida lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, Nazaria wọ ọjà lọ ra ìborùn kan, ó pupa yòò, ó ń dán. Ó dúnàá-dúrà títí ó fi rẹ obìnrin tó ń tà á.

“Ẹ mú un lọ, àǹtí,” ni obìnrin náà wí. “Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí omi kàn án o. Mo ti sọ fún yín.”

“Omi wo? Ṣé ẹja ni mí?” ni Nazaria dáhùn. Ó fi gbàjá mọ́ ìbàdí lójú ẹsẹ̀, ó ń rìn bí ìyàwó tuntun padà sí gbàgede àárín ìlú, kí Amílcar lè rí i.

Amílcar ò rí i. Ó wà lórí ọ̀kan nínú àwọn àga funfun onísíméńtì tó wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ṣe kí ọ̀kan kọjú síhìn-ín, kí èkejì kọjú sọ́hùn-ún, kí ojú àwọn méjèèjì sì ko ara wọn. Olólùfẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ta ló kọjú sí i? Eligia ni. Amílcar ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Eligia dorí kodò, ó ń gbọ́.

Nazaria wó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Teodosia lórí bẹ́ńṣì. Ìyá náà tẹ́ Nicte sí apá gbọọrọ, ó ń mì í jẹ́jẹ́.

“Nazaria, gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ yìí ń pé oṣù mẹ́ta nínú ìrìn yìí. Ó ti tó gbé sí ìbàdí.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ní kúkúrú fún ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ pé ẹ̀yìn lẹ ń pọnmọ sí. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ọwọ́ kì í gun ìbàdí títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Àtẹ́lẹwọ́ là ń tẹ́ ẹ sí. Ọmọbìnrin, oṣù mẹ́ta ni, nítorí òkúta ààrò mẹ́ta. Lọ́jọ́ náà, a óò tẹ́ tábìlì, a óò pe obìnrin kan tí a fọkàn tán, òun ni yóò kọ́kọ́ la ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì tí yóò gbé e gun ìbàdí rẹ̀. Hetzmek là ń pè é. Obìnrin náà di ìyá kejì fún ọmọ náà títí ayé; comadre ni bàbá ọmọ yóò máa pè é.

“Ẹni tó bá gbé Nicte, comadre Amílcar ni,” ni Màmá Teodosia ń wí lọ. “Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Comadre kì í ṣe obìnrin lójú bàbá ọmọ mọ́. Wọn ò gbọ́dọ̀ bá ara wọn ṣeré ìfẹ́ láéláé. Èèwọ̀ ni. Crisanta ìbátan mi ní Valladolid ní ká wá ṣe é lágbàlá òun. Ta ni kí n pè o?”

Nazaria wo ìyá yìí. Ó wo àga funfun lọ́hùn-ún. Ìrònú kan wọ inú rẹ̀, ó dùn mọ́ ọn. Ó ní òun gbọ́ ohùn ara òun tó ń sọ pé, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n rò ó wò.”

Kí ló fẹ́ rò? Ó ti rò ó tán.

Ọjọ́ kejì, a dé Izamal, ìlú tí gbogbo ògiri rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ pupa inú ẹyin. Àwọn Sípéènì wó òkè òkúta àwọn baba wa lulẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fi òkúta rẹ̀ kọ́ ilé àwọn fáàdà. Ìyókù wà lẹ́yìn ọjà bí ẹni tí wọ́n gba ilé rẹ̀ tí ó kọ̀ tí kò kúrò ládùúgbò. Nínú àgbàlá ńlá ilé àwọn fáàdà yẹn ni Nazaria ti fa Màmá Teodosia sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó.

“Màmá, mo ti rí i. Eligia.”

“Eligia?”

“Ta ló tún mọ́ tónítóní tó o? Ta ló mọ ọjà tó o? Ọmọ tó bá gun ìbàdí Eligia, ebi ò ní pa á láyé.”

Màmá Teodosia tẹjú mọ́ ọn pẹ́ díẹ̀. “Mo mà rò pé ara rẹ lo máa dárúkọ...”

“Èmi kẹ̀? Màmá, ẹ má ṣe é. Orí mi ò dúró lójú kan, kí ọmọ má lọ jogún rẹ̀.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Kò burú. Eligia náà ni. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ kó jẹ́ ìwọ.” Nazaria ò bi í léèrè ìdí. Ayọ̀ ti dí i létí.

Ó sáré bá Eligia tó ń ra omi yìnyín ọsàn.

“Nazaria, ó dáa tó o dé,” ni Eligia wí. “Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ láti Mérida.”

“Jẹ́ kí n sọ tèmi ná. Tèmi ń jó mi lẹ́nu. Màmá Teodosia fẹ́ kí o gbé Nicte sí ìbàdí ní Valladolid.”

Eligia tẹjú mọ́ ọsàn yìnyín rẹ̀. Yìnyín ń yọ́ sí i lọ́wọ́. A kì í kọ irú ìpè bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá kọ ọ́, bíi kó tutọ́ sí ojú ọmọ ni. Nazaria mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti di ara rẹ̀ gírí de ẹkún Eligia.

“Mo gbà,” ni Eligia wí.

“O gbà?”

“Kí n má gbà kẹ̀? Ọlá ni. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló dáa jù.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀. “Ṣùgbọ́n lọ jókòó síwájú ọkọ̀ lónìí. Inú mi ò rú mọ́.”

Àbí ẹ rí oríire? Nazaria ò mọ̀gbà tó dé inú ọkọ̀. Bó ṣe jókòó síwájú, ó tún gbàjá pupa rẹ̀ ṣe, ó bó ọsàn, ó fún Amílcar ní kóró elégédé, ó rẹ́rìn-ín sí àwàdà tí kò tíì dá. Ẹ̀yin, ó kọrin. A jọ gbé e. Gbogbo ọkọ̀ ń kọrin, Nicte ń sùn, ọ̀nà gún régé láàárín igbó, n kò tíì rí inú obìnrin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Amílcar wúkọ́ díẹ̀. “Nazaria, ṣé Eligia ti bá ọ sọ̀rọ̀?”

Inú bí Nazaria. Eligia, Eligia ṣáá. “Jẹ́ ká fi Eligia sílẹ̀ ná,” ni ó wí. “Jẹ ọsàn.”

“Ọ̀rọ̀ kan ni mo...”

“Ọsàn ọ̀hún ń gbẹ.”

Ó jẹ ọsàn. Kí ni kí ọkùnrin ṣe? Ó jẹ ọsàn títí a fi dé Chichén Itzá, níbi pírámíìdì tó lókìkí jù.

Ẹ ò ní gbàgbé ibẹ̀ bí ẹ bá dé ibẹ̀. Bí o bá dúró sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn pírámíìdì yẹn tí o pàtẹ́wọ́, òkúta á dá ọ lóhùn bí ẹyẹ. A tò, à ń pàtẹ́wọ́, òkúta ń ké, à ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ iléèwé. Màmá Teodosia ní kí òkúta náà kí òun padà dáadáa, òun kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ibi tí a ti ń pàtẹ́wọ́ ni àrá ti pàtẹ́wọ́ tirẹ̀ lókè. Òjò ibẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó dà ṣọ̀ọ̀, gbogbo ènìyàn fọ́n ká.

“Nazaria, gba ọmọ, sáré,” ni Màmá Teodosia ké. “Orúnkún mi ò lè sáré. Èmi á máa bọ̀.”

Nazaria gba Nicte. Ó wọ bàtà gogoro tó fẹ́ fi ga lójú Amílcar, bàtà ọ̀hún ń rì sínú ẹrẹ̀. Aṣọ abẹ́ rẹ̀ ti tutù, ó ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó ní láti fi ọwọ́ kan ká aṣọ sókè. Ọwọ́ kan ò sì lè gbé ọmọ tó dùbúlẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ara rẹ̀ ti ṣe ohun tí ara obìnrin Tunkabá mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ta ọmọ sí ìbàdí, ẹsẹ̀ kan níwájú, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn, ó dì í mú, ó bẹ́ sáré.

Nicte rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi, ẹ̀rín ẹni tó ti ń retí nǹkan yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó fi itan méjèèjì há Nazaria níbàdí bí ẹni gun ẹṣin.

Abẹ́ igi ni Nazaria dé kí ojú rẹ̀ tó là. Ó ní ńṣe ni ọkàn òun já lulẹ̀ tí òun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀. Ó yára tẹ́ ọmọ padà sí apá. Ó wòtún, ó wòsì. Òjò ṣú bolẹ̀, oníkálukú ń wá ibi sá sí. Kò sẹ́ni tó rí i.

“Nicte, jọ̀ọ́,” ni ó wí fún ọmọ náà. “Èmi àti ìwọ nìkan.”

Nicte bú sẹ́kún. Ìbàdí ló fẹ́.

Nígbà tí a kó ara wa jọ sínú ọkọ̀, Nazaria ní òun ni yóò pààrọ̀ aṣọ ọmọ. Ó gbé e lọ sí àga ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n kọjú sọ́hùn-ún. Mo kọjú sọ́hùn-ún díẹ̀. Ó ká aṣọ ọmọ sókè, mo sì gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Àwọ̀ ìborùn Mérida ti ṣí mọ́ ọmọ lára. Abẹ́ itan Nicte, lọ́tùn-ún, lósì, ti pupa bí ata gígún. Ó fi itọ́ nù ún, kò lọ. Ó fi èèpo ọsàn ha á, ó tún dán sí i. Ó wá ṣòkòtò onírun ìgbà òtútù nísàlẹ̀ àpò Màmá Teodosia, ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ nínú ooru yẹn.

“Òtútù á mú un,” ni ó wí.

“Òtútù wo?” ni mo bi í.

“Ṣé ìwọ lo bí i ni?”

Nicte ké láti Chichén dé Valladolid. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sí apá, á na gan-an bí igi. Bó bá ṣe gbúròó Nazaria, á dákẹ́, á sì la ẹsẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Nazaria ní láti gbé e ní gbogbo ọ̀nà, ó fi ọwọ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ó ń làágùn.

“Nazaria, mi ò mọ̀ pé o fẹ́ràn ọmọ tó báyìí,” ni Màmá Teodosia wí.

Amílcar wò ó nínú dígí ọkọ̀. Ìwò náà pẹ́. Nazaria rí i, inú rẹ̀ dùn, ó sì tún bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní bí òun bá ti lè di ẹsẹ̀ ọmọ yìí mú títí Eligia yóò fi gbé e, ó parí, ọkùnrin yìí ti di tòun.

Màmá Crisanta ti tẹ́ tábìlì sí àgbàlá kí a tó dé: ẹyin sísè, kóró elégédé, abẹ́rẹ́ àti òwú, síbí ìdáná, bírò. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ti ń ta sánsán nínú ihò tí wọ́n yan án sí. Eligia ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ funfun, ó dúró jẹ́jẹ́.

“Ẹ gbé ọmọ wá kí n wọ aṣọ tuntun fún un,” ni Màmá Crisanta wí.

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín wọ̀ ọ́,” ni Nazaria wí.

“Sinmi, ọmọ mi. O ti ṣe tìẹ.”

“Ẹ fi ṣòkòtò yẹn sílẹ̀ fún un, màmá. Ó gbayì.”

“Ṣòkòtò onírun, nínú ooru yìí?” Obìnrin náà bọ́ ọ kúrò. Ó ká ẹsẹ̀ ọmọ sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò. “Teodosia, ta ló kun ọmọ yìí láta?”

Gbogbo wa rọ́ lọ wò. Pupa yòò, abẹ́ itan méjèèjì, ibòmíràn funfun báláú. Ojú kan kúrò lára ọmọ, ó lọ sí gbàjá Nazaria tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Ojú kejì tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí gbogbo ojú fi dé ibẹ̀.

“Omi ló kán sí i lára láti ara ìborùn mi,” ni Nazaria wí. “Òjò yẹn...”

“Omi wo ló ń wá abẹ́ itan kán sí?” ni Màmá Crisanta bi í.

“Ẹ ò mọ irú òjò tó rọ̀.”

“Gbé e. Jẹ́ ká wò ó.”

Nazaria na apá gbọọrọ kó lè tẹ́ ẹ. Nicte ò gbà. Bó ṣe fara kàn án, ó la ẹsẹ̀ méjèèjì, ó dì mọ́ ìbàdí yẹn gan-an, àmì pupa itan rẹ̀ bọ́ sórí gbàjá pupa, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti Nazaria láyà, ó sì sinmi. Ẹkún tó ti ń sun láti Chichén dáwọ́ dúró.

Màmá Teodosia fi ọwọ́ lérí. “Yéè. Ìwọ tó o sọ fún mi ní Izamal pé Eligia ni kí n pè, tó o ní orí rẹ ò dúró lójú kan.”

Eligia yí padà. “Ìwọ lo dárúkọ mi?”

Nazaria wo ilẹ̀.

“Ìwọ tí mo sọ ọ́ fún? Ìwọ nìkan?”

Ilẹ̀ ì bá lanu kí Nazaria wọ inú rẹ̀. Ó ní, “Eligia, mo fẹ́... mo rò pé...” Omi bọ́ lójú rẹ̀. “Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ kí o di comadre rẹ̀ kí o lè kúrò lọ́nà.”

Ó sọ ọ́ lójú Amílcar, lójú ìyá rẹ̀, lójú ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ní ká tún un ṣe ní tuntun, ta ló máa mọ̀? Màmá Teodosia mi orí. “Ẹsẹ̀ ọmọ tó ti ṣí, a kì í dì í padà. Ẹni tó gbé e ti gbé e.”

Wọ́n fi ẹyin sí ọmọ lẹ́nu kí iyè rẹ̀ là. Nazaria gbé e yí tábìlì náà ká, ó ń sunkún, Nicte ń rẹ́rìn-ín, àwa ń pàtẹ́wọ́ nítorí ayẹyẹ ni ayẹyẹ ń jẹ́. Nígbà tó parí, Amílcar wá síwájú rẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ẹ rántí pé láti kékeré ni ọkùnrin yìí ti ń pè é ní Nazaria pọ́ńbélé.

“Ẹ ṣeun,” ni ó wí. “Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, comadre.”

“Ẹ” yẹn ló pa á. Ó ní bí ó bá bú òun ni, ìbá sàn.

Kí oòrùn tó wọ̀, Eligia fa Nazaria lọ sí gbàgede Valladolid. Irú àwọn àga funfun yẹn wà níbẹ̀ náà. Wọ́n jókòó, ojú kojú. Nazaria ń retí èébú.

“Ní Mérida,” ni Eligia wí, “o mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ń bá mi sọ?”

“Má sọ ọ́ fún mi.”

“Ìwọ ni. Ó ní kí n bá òun wá ọ̀rọ̀ tí òun lè fi bá ọ sọ ọ́. Ó ní ojú rẹ ń ba òun lẹ́rù. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ ọ.”

Nazaria fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Inú mi bà jẹ́, mi ò parọ́. Mo fẹ́ sọ fún ọ ní Izamal, ìwọ lo ní kí n jẹ́ kí o sọ tìẹ ná. Nígbà tó o wá dárúkọ hetzmek, mo ní bẹ́ẹ̀ ló dáa jù. Bí mo bá di comadre rẹ̀, ọkàn mi á gbàgbé rẹ̀ tipátipá, màá lè jó níbi ìgbéyàwó rẹ.”

“Ìyẹn ni ó ń wá bá mi sọ nínú ọkọ̀?”

“Kí lo sọ fún un?”

“Mo ní kó jẹ ọsàn.”

Eligia wò ó. Ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwa tí a dúró lẹ́yìn igi rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó bú sẹ́rìn-ín, Nazaria náà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ọwọ́ ara wọn mú lórí àga olólùfẹ́ yẹn, tí àwọn ẹni ẹlẹ́ni ń yà fún wọn. “Ó ní kó jẹ ọsàn,” ni Eligia ń tún un wí, omijé ń já bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn, nítorí àtiyọ ara rẹ̀.

Ọdún kan àti díẹ̀ ti kọjá. Ẹ mọ ẹni tí Amílcar fẹ́. Ẹ sì mọ ẹni tó ya òdòdó sí aṣọ ìyàwó; Eligia bẹ̀ ẹ́ ni, kò fi pá mú un. Nazaria jó níbi ìgbéyàwó náà. Ó jó dáadáa.

Ọjọ́ ọjà ni mo máa ń rí wọn jù. Eligia á jókòó síwájú, á máa bó ọsàn. Amílcar á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, á ní, “Comadre, ẹ rọra wọlé.” Nicte ti ń rìn báyìí, ó ń sáré pàápàá, ṣùgbọ́n bó bá ti rí Nazaria, á dúró, á gbé apá sókè. Nazaria á bẹ̀rẹ̀, á gbé e sí ìbàdí, wọn á sì wọlé lọ jókòó lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.